Lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Màmá Kò Rí

Ọmọ méjì péré ni màmá mi bí, obìnrin sì ni àwa méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí èmi tó ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Màmá fúnra rẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń dá gbé nílé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Atíkorí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi háyà yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í jẹ́ kí rédíò wọn sinmi. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọ̀kadà ni mo máa ń gùn lọ kí màmá.

Fóònù alágbèéká ti dé Èkó nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ á wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, á tò síbi tí wọ́n ti ń pe fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ kò ní ibi kankan tó lè pè kó bá wa. Ímeèlì ló kó wa yọ.

Èmi ni mo ṣí àpótí ímeèlì náà, irú ti ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń ṣí nígbà yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ṣí fún gbogbo ilé, nítorí bí màmá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó ní nígbà ayé bàbá wa, àpótí kan náà ni lẹ́tà gbogbo wa ń bà sí ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jà pé òun fẹ́ tòun lọ́tọ̀. Oríkì ìyá rẹ̀ la fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù, kí ó má baà gbàgbé. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, màmá á wọ bàtà rẹ̀ tó rọ̀, á kó jígí ojú rẹ̀ sínú báàgì, á sì lọ sí káfè kan ní Òkè-Àgbò. Obìnrin tó ni káfè náà wà lára àwọn tí màmá kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, “Tíṣà mi” ló sì ń pe màmá títí dòní. Òun ló ń bá a ṣí àpótí. Bó bá ti ṣí i, á fà sẹ́yìn, màmá á wá máa fi ìka tọ ojú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń kà á, bí ẹni ń ka Bíbélì fún ìjọ.

Èmi ń ka tèmi lẹ́nu iṣẹ́. Orí wáyà fóònù ni íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì wa ń gbà wọlé, ó sì lọ́ra ju ìgbín lọ. Mo lè tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, kí n lọ to ìwé sórí pẹpẹ, kí n padà dé, ojú ìwé náà kò tíì ṣí tán. Nígbà mìíràn, bó bá kù díẹ̀ kó ṣí, ìlà á já. Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí àti lẹ́nu iṣẹ́, Bọ̀dá ni mo ń pè é. Ó wo ìyà tó ń jẹ mí títí, ó ní:

“Kí ló dé tí ò ń dúró de ojú ìwé? Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tó ń lọ gbé lẹ́tà wá fúnra rẹ̀. Bó bá ti gbé e dé, o lè já íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí o máa kà á bó ṣe wù ọ́.”

Mo ní, “Ṣé ti ọ̀fẹ́ tí mo ní yìí náà á ṣe é ṣe?”

“Á ṣe é ṣe.”

Ó jókòó síbẹ̀, ó kọ àdírẹ́sì wa, ó ní kí n tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ó tẹ àwọn nǹkan mìíràn tí kò yé mi. Kò pẹ́ tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti àtijọ́ àti tuntun, gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa láàárọ̀, ètò náà á lọ wo àpótí, á sì gbé ohun tó bá bá níbẹ̀ wá.

Mi ò sọ fún màmá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Lójú tèmi, ọ̀nà tí mo ń gbà ka lẹ́tà ló yí padà, lẹ́tà fúnra rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí màmá sọ fún mi ní Sọ́ńdè kan pé gbogbo lẹ́tà àtijọ́ ti pòórá nínú àpótí òun, pé ìyá oní-káfè ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tó ni àpótí ọ̀fẹ́ náà ló gbá a mọ́ nítorí pé ó ti kún, mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò tilẹ̀ ronú nípa rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa màmá àti ẹ̀gbọ́n mi kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé èèyàn. Lọ́hùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣègbéyàwó, fọ́tò nìkan ni màmá fi ojú rí. Wọn kò fún un ní físà nígbà náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní tiwọn ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, àwọn ló dúró bí ìyá fún ọkọ àti ìyàwó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a wá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi lóyún, màmá kò sọ púpọ̀. Ó kàn lọ ra àdí àti ọṣẹ dúdú, ó dì wọ́n, ó sì kó wọn sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n pe òun wá wẹ ọmọ.

Ìpè náà dé. Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á, lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ pé: “Màmá, oṣù tó ń bọ̀ ni dókítà ní kí n máa retí. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ wẹ ọmọ yìí. Lẹ́tà tí ẹ máa mú dání lọ gba físà ni mo so mọ́ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.” Omi bọ́ lójú mi. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá di Sátidé, màmá á kà á, inú rẹ̀ á dùn.

Mo délé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣa á, mo ń retí kó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí ayọ̀ tirẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ló yẹ kó ti jáde. Ó bi mí nípa iṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa òrùlé tó ń jò. Ó sọ nípa ìwàásù àárọ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa Lọ́ńdọ̀nù. Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè, mo ń ronú lórí ọ̀kadà pé, ṣé kì í ṣe pé màmá fẹ́ fi ìbínú ìgbéyàwó yẹn gbẹ̀san báyìí?

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ń bẹ màmá nínú ìkẹta. Ó bí ọmọkùnrin kan láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́tà ìbímọ sì dé bá mi lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo sáré wọlé, mo ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà:

“Màmá, ẹ kú ewu ọmọ o!”

“A dúpẹ́,” ni màmá wí. Bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n kí kú iṣẹ́ lásán ni.

“Ẹ rí lẹ́tà Àǹtí?”

“Mo rí i.”

“Kí lẹ wá sọ sí i?”

Ó yọ jígí, ó fi etí aṣọ nù ún. “Kí ni kí n sọ? Ẹni tó wu èèyàn lèèyàn ń pè sọ́dọ̀. Ẹni tí wọ́n sì pè ti lọ.”

Kò yé mi. Mo ní, “Màmá, ẹ lọ bá wọn. Ẹ dárí jì wọ́n.”

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èdè tí kò mọ̀. “Kí n lọ bá wọn níbo?” Ó dìde, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tí inú bá ń bí màmá gan-an, Yorùbá ilé ìwé tó ń sọ á bọ́ sílẹ̀, á wá di Ìjẹ̀bú. Mo ń gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná bó ṣe ń dá sọ pé, “Mé è lọ! Ẹni kan ò pè mí, mé è lọ!”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi méjì ló já bọ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ti àkọ́kọ́ kúrú, ìrọ̀lẹ́ Fráìdé ló fi í ránṣẹ́, lẹ́yìn tí a ti pa kọ̀ǹpútà tí a sì ti ilẹ̀kùn. Ó sọ níbẹ̀ pé ọmọ ń ṣe dáadáa, pé ìyá ọkọ òun ti dé, àwọn sì ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Mo kà á kọjá, mo ní nígbà tí màmá kò dáhùn, ta ni ì bá tún pè? Ìkejì ni kò jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ló kọ ọ́ sí:

“Àbúrò mi, kí ló ń ṣe Màmá? Mo kọ lẹ́tà ìpè, mo bẹ̀ wọ́n, mo kọ̀wé pé mo ti bímọ. Àná ni wọ́n wá kọ̀wé sí mi láti káfè pé àwọn kò rí nǹkan kan àfi pé ìyá ọkọ mi ti dé, pé ó yẹ kí àwọn gbọ́ ṣáájú àlejò. Ṣé wọ́n ń díbọ́n ni? Àbí nǹkan ń ṣe wọ́n tí ẹ kò sọ fún mi?”

Mo wá lẹ́tà tí ó ní màmá kọ náà kiri nínú ètò wa. Kò sí níbẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí màmá kọ rí níbẹ̀. Àpótí kan náà, pásíwọ́ọ̀dù kan náà! Lẹ́tà ìpè wà níwájú mi gbọnrangandan, màmá sì ní òun kò rí i. Màmá kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi sì gbà á, ṣùgbọ́n èmi kò rí i. Mo jókòó, mo di orí mú. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo ronú pé bóyá ọjọ́ orí ti ń da ọpọlọ màmá rú, pé ó ń ka lẹ́tà, ó sì ń gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí mo tún délé, mo ń dán an wò láìjẹ́ kó mọ̀. Mo bi í léèrè orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́, ó dá mi lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ kẹta sílẹ̀, ó ní, “O fo ẹsẹ̀ kan.” Ó tún rán mi létí irú aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó da ọbẹ̀ sí i lára. Ọpọlọ màmá mú ju tèmi lọ.

Mo bá bi í ní tààrà. “Màmá, lẹ́tà tí Àǹtí fi pè yín ńkọ́?”

“Lẹ́tà wo?”

“Èyí tí wọ́n ní kí ẹ wá wẹ ọmọ. Èyí tí ẹ máa fi gba físà.”

Màmá sún mọ́ mi. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ibà bá ń ṣe mí ní kékeré. “Ọmọ mi, ṣé ò ń sùn dáadáa ní Àgọ́-Ìwòyè yẹn?”

“Màmá, mo kà á! Mo fi ojú mi méjèèjì kà á!”

“Lọ dùbúlẹ̀ díẹ̀. N ó bá ọ se ọbẹ̀ gbígbóná.”

Bí èmi ṣe ń bẹ̀rù nítorí ọpọlọ rẹ̀ lòun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nítorí tèmi. A jọ ń wo ara wa, kò sí ẹni tó gba ẹnì kejì gbọ́. Níkẹyìn mo ní kó jẹ́ kí a jọ lọ sí káfè ní Sátidé, kí ojú wa jọ rí i.

Nígbà tí Sátidé náà dé, ìyá oní-káfè ṣí àpótí níwájú àwa méjèèjì. Ìkéde ọjà kan ló wà níbẹ̀, kò sí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi kankan. Mo ní kó tún un ṣí. Ó tún un ṣí. Mo ní, “Àná ni mo kà á! Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀!” Mo wo apá òsì ojú ìwé níbi tí lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ ń wà, mo sì rí gbogbo lẹ́tà tí màmá ti kọ, tí èmi kò rí rí. Mo ka ọ̀kan nínú wọn. Màmá kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé: “Mi ò bínú. Mo kàn ń bi ọ́ bóyá mo ṣẹ̀ ọ́ ni.” Mi ò lè ka èkejì.

Ìyá oní-káfè mi orí. “Tíṣà mi, olè ti wọ àpótí yín. Ẹnì kan ló ń kó lẹ́tà yín kí ẹ tó dé. A máa yí pásíwọ́ọ̀dù padà, a sì máa gbàdúrà sí i.”

Ó yí i padà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé ọwọ́ lé orí kọ̀ǹpútà, ó ní, “Olúwa, ọwọ́ tó ń kó lẹ́tà ọmọ tíṣà mi, dá a dúró lónìí!” Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni màmá, kì í pariwo àdúrà, ṣùgbọ́n ó ṣe “Àmín.” Tèmi ló tilẹ̀ ròkè jù.

Ní Mọ́ńdè, mo dé ọ́fíìsì, Bọ̀dá ti tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Fèrèsé kékeré kan yọ lójú rẹ̀, ó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Mo tì í, ó tún yọ. Mo tì í, ó tún yọ. Mo pe Bọ̀dá, mo ní, “Ẹ wò ó, olè tó wà nínú àpótí wa ti débí o.” Mo bá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí lẹ́tà ìpè dé orí àdúrà.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀. Ó jókòó, ó ń ṣí ibi kan pa ibi kan nínú ètò náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, “Ẹ̀dà ni mo rò pé ó ń ṣe.”

“Ẹ̀dà kí ni?”

“Mo rò pé ẹ̀dà lẹ́tà ló ń gbé wá, kí ojúlówó wà níbẹ̀. Wò ó, ibì kan rèé tí ó yẹ kí èèyàn máàkì pé kó fi lẹ́tà sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò máàkì rẹ̀. Ojúlówó ló ń kó. Bó bá ti gbé e débí, ó ti parí lọ́hùn-ún nìyẹn.”

“Lẹ́tà tí màmá mi kọ ńkọ́? Kí ló dé tí n kò rí wọn?”

“Èyí tó wọlé nìkan ló ń gbé. Kì í gbé èyí tó jáde.” Ó fi ọwọ́ pa ojú. “Jọ̀ọ́, má bínú. Èmi ò ní ẹni tí a jọ ń lo tèmi, mi ò mọ̀.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó yé mi bó ṣe ń sọ ọ́, bó bá sì ti dákẹ́, kò ní yé mi mọ́. Kò sí olè. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbàgbé màmá, màmá kò díbọ́n, orí èmi náà sì pé. Nǹkan tí a ní kó máa bá wa gbé lẹ́tà ló ń gbé e. Lẹ́tà tó dé ní ìrọ̀lẹ́ Fráìdé nìkan ló ráyè dúró de màmá, nítorí kọ̀ǹpútà wa ti sùn. Láàárín gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ, pé ìyá ọkọ ti dé nìkan ló tẹ màmá lọ́wọ́.

Mo tẹ gbogbo lẹ́tà náà jáde sórí ìwé, mi ò dúró de Sọ́ńdè. Mo bá màmá ní pálọ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, mo sọ ti ètò inú kọ̀ǹpútà, mo sọ ti ẹ̀dà àti ojúlówó, títí tí ọ̀rọ̀ fi pọ́ mi lẹ́nu. Ó ní kí n kó ìwé náà fún òun. Ó kà wọ́n tẹ̀ léra, ó dúró pẹ́ lórí èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló tò wọ́n jọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Ta wá ni mo ti ń bínú sí látọjọ́ yìí?”

Ó dúró kí n dáhùn, bí tíṣà ṣe ń dúró de ọmọ kíláàsì. Ó wo ògiri, ó wo ìta, ó tún wò mí. Ó dà bí ẹni gbé ẹrù wúwo dé, tí kò rí ẹni tó máa sọ̀ ọ́ fún un. Nígbà tó yá, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà bá a ṣe méjèèjì.

A lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì, a pe Lọ́ńdọ̀nù. Màmá àti ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Ọmọ ń ké lọ́hùn-ún. “Gbé e sẹ́nu fóònù,” ni màmá ń sọ ṣáá, “gbé e sẹ́nu fóònù!”

Wọ́n fún un ní físà lẹ́yìn ìdúró gígùn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ ti ń dá jókòó. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé àwọn ìyá méjèèjì kí ara wọn tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, ṣùgbọ́n nígbà tó di àkókò ìwẹ̀, màmá kó àdí àti ọṣẹ dúdú jáde, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì jókòó sórí àpótí ìjókòó nínú balùwẹ̀. Ìyá ọkọ ní, “Ọmọ ti dàgbà ju ìwẹ̀ yẹn lọ.” Màmá ní, “Ẹ gbé e fún mi.” Ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó jù ú sókè ó hán an, ọmọ ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, ìyá ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ó ń sọ pé, “Ẹ rọra o, ẹ rọra.” Nígbà tí wọ́n nu ún gbẹ tán, ó sun oorun tí kò sùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.